Àbámọ̀ Kì í Ṣe Ẹ̀bi: Ọ̀rọ̀ Nípa Ológbò Tó Jáde Tí Kò Padà Wọlé

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn aládùúgbò wa sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Yaba lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Mo tún un kọ nítorí àwọn tí kò ráyè wá. Mo yọ ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀ kúrò, mo sì dá ìbéèrè kan ṣoṣo sí nínú gbogbo èyí tí wọ́n bi mí.

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ológbò ni wọ́n ní kí n wá sọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Nínú Èkó tí a wà yìí, tí owó ilé àti owó iléèwé ń lé èèyàn kiri, ológbò lẹ fẹ́ jókòó sọ̀rọ̀ lé lórí?" N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo fi ṣe tíṣà, mo ti rí ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ fún odidi táàmù kan nítorí wọ́n sọ fún un nílé pé òun ló pa ológbò wọn, mo sì mọ àgbàlagbà tó ń fi ẹsẹ̀ yípo lójoojúmọ́ kó má baà gba ibi tí ọkọ̀ ti tẹ tirẹ̀ pa.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti orí eku, nítorí eku ló mú ológbò wọlé wa. Lọ́dún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eégbọn ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa èèyàn púpọ̀ níbi tí ilé ti fún mọ́ra. Lọ́dún 1928, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ láti wó irú ilé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì la ilẹ̀ tuntun, Yaba tí a jókòó sí yìí sì wà lára ilẹ̀ tí wọ́n là. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé eku ló bá wa tẹ ibí dó. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìdílé láàárín wa kò gba ológbò bí ohun ọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ la gbà á sí, iṣẹ́ náà sì wà níta, lẹ́yìn ilé ìdáná, lójú gọ́tà, lábẹ́ àpò gàrí ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn Mùsùlùmí tó wà níbí á rántí Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá, nípa obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò. Ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin yẹn ni pé ó sé e mọ́lé, kò fún un lóúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Ẹ ò rí i pé jíjẹ́ kí ológbò jáde kọ́ ni wọ́n kà sí i lọ́rùn.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí ológbò bá jáde tí kò wọlé, ilẹ̀kùn ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ mú lọ́ràn. "Kí ló dé tí mo ṣílẹ̀kùn?" Ilẹ̀kùn kan náà ti ṣí ní àìmọye òwúrọ̀, ológbò jáde, ó sì padà wọlé, kò sì sí ọ̀kankan nínú wa tó yin ara rẹ̀ lálẹ́ pé òun ṣe dáadáa tí òun ṣí i.

Àwọn baba wa ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ fún wa, àwa la sì ń pò wọ́n pọ̀. Èkíní ni àbámọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀: à bá mọ̀. Ìmọ̀ tí kò sí nílẹ̀ nígbà tó yẹ kó wà ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Èkejì ni ẹ̀bi, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ lèyí ní tirẹ̀. Èèyàn ń jẹ ẹ́, wọ́n ń dá èèyàn ní i, àre sì ni òdìkejì rẹ̀. Kí ẹnìkan tó jẹ̀bi, ó ní láti jẹ́ pé ó mọ̀, tàbí pé ó yẹ kó mọ̀, kó sì wá ṣe é bẹ́ẹ̀ náà. Nítorí náà, ẹni tó ń pariwo "à bá mọ̀" ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé òun kò mọ̀, báwo ló ṣe tún fẹ́ fi ìmọ̀ tí kò ní dá ara rẹ̀ lẹ́bi? Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ẹ̀bi ní ẹbọ tirẹ̀, ó ní ẹ̀bẹ̀, ó ní owó ìtanràn, ó ní "mo ṣẹ̀ ọ́, forí jì mí." Ẹni tó bá pe àbámọ̀ ní ẹ̀bi á wá ẹbọ tí kò sí títí, ìyà ni yóò sì máa fi jẹ ara rẹ̀ dípò ẹbọ.

Onímọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Baruch Fischhoff, tó ṣe ìwádìí lórí irú nǹkan yìí lọ́dún 1975. Ó kó ìtàn ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Gurkha jà ní ìhà Nepal lọ́dún 1814 fún àwọn èèyàn kà. Ó sọ fún àwọn kan pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣẹ́gun, ó sọ fún àwọn mìíràn pé àwọn Gurkha ni, ó tún sọ òmíràn fún àwọn mìíràn, kò sì sọ ìparí kankan fún àwọn tó kù. Ìtàn kan náà ni gbogbo wọn kà, ṣùgbọ́n ìparí tí wọ́n bá ti sọ fún kálukú ló ń dà bíi pé ó hàn gbangba fún un látìbẹ̀rẹ̀. Bí ọkàn wa ṣe rí nìyẹn lẹ́yìn tí ológbò bá ti kú. Alẹ́ tó pẹ́ kó tó wọlé, oúnjẹ tó fi sílẹ̀ láìjẹ, gbogbo rẹ̀ á wá máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán.

Èmi náà kò gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ilé tí mo ń gbé ní Ṣómólú nígbà náà jẹ́ ilé oníyàrá méjìlá tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là láàárín. Mo ní ológbò dúdú kan tí mo ń pè ní Adúmáadán. Ní ìdájí Sátidé kan, mo bá a lábẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi. Mo gbé orí kótè síwájú rẹ̀, kò wò ó. Nígbà tí mo ṣí ètè rẹ̀ sókè, èrìgì rẹ̀ funfun bí ẹfun, ẹ̀jẹ̀ kan sì wà létí imú rẹ̀ tí kò tóbi ju orí ìṣáná lọ. Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló wọlé kẹ́yìn lálẹ́ Jímọ̀, òun ni kò sì fi irin dí géètì ẹ̀yìn. Ológbò kò tíì kú tí mo ti sọ fún ọmọ náà pé, "Ìwọ lo pa á." Kò sunkún, kò sì fèsì. Ó lọ mú abọ́ ológbò, ó fọ̀ ọ́ tinú tòde, ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nù ún, ó sì gbé e sórí pẹpẹ níbi tí a ń kó abọ́ tiwa sí.

Dókítà ẹran tí mo gbé e lọ bá wo èrìgì rẹ̀, ó wo abẹ́ ikùn rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lábẹ́ awọ, ó wá bi mí léèrè pé, "Mà, ta ló fi oògùn eku sílẹ̀ ládùúgbò yín láàárín ọ̀sẹ̀?" Ṣé ẹ mọ̀ pé oògùn eku kì í ṣe ẹyọ kan. Òtapíápíá tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí dichlorvos wà nínú rẹ̀, kì í pẹ́ rárá. Láàárín ìṣẹ́jú tàbí wákàtí díẹ̀, itọ́ á máa dà lẹ́nu ẹran, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọmọ ojú rẹ̀ á sún kì. Irú kejì kì í yára bẹ́ẹ̀. Ó ń dí Fítámì K lọ́nà, èyí tí ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Èyí tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹran á máa jẹ, á máa ṣeré, tó bá wá di bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò nínú ara. Ológbò kò tilẹ̀ ní láti fi ẹnu kan oògùn náà fúnra rẹ̀. Eku tó ti jẹ ẹ́, tí kò lè sáré mọ́, lè tó láti pa á. Bí wọ́n bá tètè mọ̀, abẹ́rẹ́ àti oògùn Fítámì K1 fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè gbà á sílẹ̀. Tiwa ti pẹ́ jù.

Géètì alẹ́ Jímọ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nígbà náà. Èmi ni mo dákẹ́ níwájú dókítà, nítorí ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, àwa ayálégbé ṣèpàdé lórí eku tó ń jẹ wá níyà, a sì dá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ra oògùn. Èmi ni akápò. Èmi ni mo kọ́kọ́ san tèmi, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ àwọn tó san sínú ìwé. N kò rántí pé mo ní ológbò.

Ẹ jẹ́ kí a wá pín in bó ṣe yẹ. Wíwà tó wà lábẹ́ dúrọ́ọ̀mù láàárọ̀ yẹn tí n kò ti rí àmì kankan ṣáájú, àbámọ̀ ni, nítorí kò sí àmì tí mo lè rí. Jíjáde tó ń jáde, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Owó oògùn tí mo dá láìbéèrè ibi tí wọn yóò fi í sí, ẹ̀bi díẹ̀ wà níbẹ̀, tèmi ni, n kò sì lè fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀ ni gbólóhùn kan tí mo sọ sí ọmọ ọlọ́mọ lórí. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Nínú ilé, ẹni tó kéré jù ni orí rẹ̀ sábà máa ń wà ńbẹ̀, ọmọ, ọmọ ọ̀dọ̀, ẹni tó jáde kẹ́yìn. Mo rò pé ohun tó ń fà á ni pé ó rọrùn fún wa láti gbé ilé tí ẹnìkan ti ṣẹ̀ ju ilé tí nǹkan kàn ti ṣẹlẹ̀ lọ. (Ẹni tó sọ òkò lu ológbò nítorí ó ní àjẹ́ ni, tàbí tó dẹ tákúté fún un nítorí ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀bi ni, ẹ má bá mi sọ pé àbámọ̀ ni.)

Ìtùnú kan wà tí a máa ń fún ara wa tí mo fẹ́ kí a ṣọ́ra fún. A ó ní, "Má sunkún mọ́, ó gbà á kú fún ọ ni." Mo mọ̀ pé inú ìfẹ́ ló ti ń wá, ìyá mi pàápàá sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ń rí létí ẹni tó ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi tẹ́lẹ̀: ó ti jẹ́ kó jáde, a tún ní nítorí tirẹ̀ ló ṣe kú. Gbèsè kejì la dì lé e lórí yẹn. Ìtùnú kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn ni "Ológbò lásán?" Kenneth Doka, onímọ̀ kan nípa ọ̀fọ̀, ti ṣàlàyé lọ́dún 1989 pé ọ̀fọ̀ kan wà tí àwùjọ kò fún èèyàn láyè láti ṣe, irú rẹ̀ sì lè pẹ́ nínú. Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Ìlú Ọba, òfin ìrìnnà ọdún 1988 ní kí awakọ̀ tó bá gbá ajá, ẹṣin, màlúù, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ewúrẹ́ dúró. Wọn kò dárúkọ ológbò. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí Herodotus, òpìtàn ará Gíríìsì ìgbàanì, ṣe kọ ọ́, a máa fá irun ojú wọn bí ológbò bá kú nínú ilé. N kò ní kí ẹ fá tiyín.

Fún ẹni tí tirẹ̀ kàn pòórá tí kò rí òkú rẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ díẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018 lórí ológbò 1,210 tó sọnù fi hàn pé wọ́n rí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọjọ́ méje, wọ́n sì rí ìdá 61 láàárín ọdún kan. Nínú àwọn tí wọ́n rí, ìdá 75 kò jìnnà ju 500 mítà lọ sí ibi tí wọ́n ti jáde. Bí tiyín kò bá tíì ju ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dìde nídìí àbámọ̀. Ẹ yẹ inú àjà wò, inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa, abẹ́ ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ lójú títì yín, kí ẹ sì lọ lóru nígbà tí àdúgbò bá ti parọ́rọ́.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí mo fi ẹ̀bi tèmi ṣe. Mo bẹ ọmọ náà lójú àwọn tó gbọ́ nígbà tí mo bú u. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún àwọn ayálégbé ohun tí dókítà sọ, a sì fẹnu kò pé pàkúté ni a ó máa lò, ẹni tó bá sì fẹ́ lo oògùn á kọ́kọ́ kọ ọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àbámọ̀ rẹ̀ ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. N kì í lé e, n kì í sì í gbé àga fún un.

Ìbéèrè tí mo dá sí nìyí. Mẹkáníìkì kan dìde lẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ kú ọ̀rọ̀." Ó ní oṣù méjì sẹ́yìn, òun rívàásì ọkọ̀ lórí ológbò ọmọbìnrin òun, òun sì ti sin ín kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun sọ fún ọmọ pé ó ti lọ bímọ síbì kan. Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ ń gbé ẹja sídìí géètì. "Ẹ bá mi wò ó, mà, ṣé àbámọ̀ ni tèmi ni àbí ẹ̀bi?"

Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé ológbò náà ń sùn lábẹ́ ọkọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ibẹ̀ ló máa ń sùn. Mo ní nígbà náà, ẹ̀bi díẹ̀ wà nínú ti ọkọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù wà nídìí géètì pẹ̀lú ẹja. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá béèrè bóyá kí òun sọ ọ́ láàárọ̀ kí ọmọ tó lọ síléèwé, tàbí nígbà tó bá dé. Mo ní nígbà tó bá dé, kó jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kó sì mú un lọ síbi tó sin ín sí. Ó ní ẹ̀yìn wọ́kíṣọ́ọ̀bù ni. Òun ti gbé táyà méjì lé e lórí kí ajá má baà hú u.