Ta Ló Rán Ẹ Wá?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi ní Kent, ní Peckham, ní Houston, ní Ìbàdàn, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi mí sétí níbi tẹ́ ẹ ti ń fọ abọ́. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí, kò sí àlejò. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni mo gbé wá, àmọ́ kì í ṣe ti Abuja, kì í sì í ṣe ti Westminster. Òṣèlú àdúgbò ni, ti wọ́ọ̀dù àti káńsù, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í jà lé lórí nínú WhatsApp.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mí, àwọn tí wọ́n ń pè ní Tory. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, ẹlòmíì ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ. Ẹ ní sùúrù, ẹ jọ̀ọ́.

Nínú ìdìbò káńsù ọdún 2023, mo díje ní wọ́ọ̀dù kan tí Labour, ẹgbẹ́ tó ń bá tiwa figa gbága, ti ta gbòǹgbò sí. Mi ò wọlé. Kò yà mí lẹ́nu, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹgbẹ́ kàn ń wá ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa wà lórí ìwé ìdìbò ni. Wọ́n ní kò pọn dandan kí n rìn láti ilé dé ilé. Mo rìn.

Báwo ni mo ṣe dé inú ẹgbẹ́ yìí? Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni. Lọ́dún 1980, ìjọba Margaret Thatcher ṣe òfin tó fún àwọn ayálégbé káńsù láyè láti ra ilé tí wọ́n ń gbé ní ẹ̀dínwó. Àǹtí mi ń fọ ọ́fíìsì lóru nígbà yẹn, ó sì ra fúláàtì tirẹ̀ ní Peckham. Inú àpótí tó kó ìwé ìbí àwọn ọmọ ẹ̀ sí ló fi ìwé ilé náà sí. Mo mọ ohun tí àwọn tó tako òfin yẹn máa ń sọ, pé ilé tí wọ́n tà, wọn ò kọ́ iye rẹ̀ padà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò ní bá wọn jiyàn. Àmọ́ obìnrin tó dé sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú báàgì kan di onílé, ẹgbẹ́ tó gbà á láyè ni mo sì ń wò láti kékeré. Nígbà tí èmi náà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta gàrí àti èlùbọ́, tí owó-orí ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ mí wá kí oníbàárà tó wọlé, ọ̀rọ̀ náà yé mi síwájú sí i.

Ẹ ẹ́ rí i, àwa Yorùbá ìlú yìí ń rẹ́rìn-ín pa mí. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà ìjọ wa lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n á ní ìjọba ń fi owó ọ̀fẹ́ ba ọmọ jẹ́, pé ilé ló yẹ kó kọ́ ọmọ kí ilé-ìwé tó kọ́ ọ, pé ẹni tó bá fẹ́ jẹun kó ṣiṣẹ́. Wọ́n á sọ̀rọ̀ bíi Tory látàárọ̀ dọ̀sán, wọ́n á sì lọ tẹ̀ka fún Labour kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí wà níbẹ̀ o. Òfin tó ní kí wọ́n má ṣe fi àwọ̀ ara yà wá sọ́tọ̀, ti 1965, ti 1968, ti 1976, ìjọba Labour ló ṣe gbogbo wọn. Ẹni tó ṣe ọ́ lóore nígbà tí àwọn onílé ń lẹ̀wé pé àwọn ò gba aláwọ̀ dúdú, o ò ní tètè gbàgbé ẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí ọmọ jogún ìbò bíi kó jogún orúkọ ìdílé, láìbéèrè ohunkóhun.

Ó dáa, ìrìn. Bàbá kan wà tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Mo kanlẹ̀kùn, mo rí ojú ẹ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé mo so òdòdó ribọ́ọ̀nù búlúù ẹgbẹ́ mọ́yà. Bàbá wo ribọ́ọ̀nù, wọ́n wo èmi. "Ta ló rán ẹ wá?" Mo ní, "Ẹ má bínú sà, kò sẹ́ni tó rán mi." Wọ́n ní, "Wọ́n ń sanwó fún ẹ ni?" Mo ní rárá, èmi gan-an ni mo ń sanwó fún ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fọwọ́ ti ògiri. Ní ìlú tí àwọn ti wá, wọ́n ní, ẹni tó bá wá kanlẹ̀kùn nítorí ìdìbò, ìrẹsì máa ń wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Kò burú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo Nàìjíríà nílé náà dáadáa. Fọ́ọ̀mù tí APC ta fún ẹni tó fẹ́ díje dupò ààrẹ fún ìdìbò 2023, ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà ni. Nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Èkó ní July 2025, ipò alága 57 ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kó gbogbo ẹ̀. Níbí, fún ipò kánsẹ́lọ̀, ènìyàn méjì péré tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò wọ́ọ̀dù náà ló máa fọwọ́ síwèé fún ẹ. Kò sí owó ìdúró kankan. Ẹni tó fọwọ́ sí tèmi, ọ̀kan ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ọ̀kan ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Lóòótọ́, ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ pè ẹ́ jókòó, wọ́n á bi ẹ́ léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á yẹ gbogbo ohun tó o ti kọ sórí Facebook wò títí kan èyí tó o kọ nígbà tínú ń bí ẹ. Ìyẹn nìkan ló le níbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ajá o. Ihò tí wọ́n ń ti lẹ́tà bọ̀ lára ilẹ̀kùn àwọn òyìnbó, ajá lè wà lẹ́yìn ẹ̀ tí kò ní gbó rárá, tó kàn ń dúró de ìka. Ọmọ orógùn ni mo fi ń ti ìwé ìpolongo tèmi wọlé. Láti ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti mú un. Àwọn tá a jọ ń rìn rí i, wọ́n sì wá ra tiwọn.

Mo ti múra ọ̀rọ̀ ńlá sílẹ̀: ẹbí, òmìnira, owó-orí. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀. Ihò ojú títì ni wọ́n ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ní Kent tiwa, káńsù kaúntì, ti Kent lápapọ̀, ló ń tún títì ṣe, káńsù àgbègbè tí mo ń díje sí ló ń kó ìdọ̀tí. Èèyàn á ṣàlàyé ìyẹn títí, ẹni náà á kàn máa wò ẹ́. Ẹni tó ń ṣe òṣèlú bó ṣe rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, á máa pariwo nípa ìjà lórí àṣà. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń fẹ́ kí iná ìta wọn padà tàn. Ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n túbọ̀ dúró síbi tí mo wà. Lójú tèmi, kéèyàn dáàbò bo nǹkan tó wà nílẹ̀, ibi kékeré bẹ́ẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìjọ wa ńkọ́? Ẹ mọ iye wọn tó ń jọ́sìn nínú ilé ẹrù àtijọ́ láàárín àwọn mẹkáníìkì. Kí ilé ẹrù tó di ilé ìsìn, ó ní ìwé àṣẹ tí káńsù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, nígbà mìíràn ìgbìmọ̀ àwọn kánsẹ́lọ̀ ló máa jókòó pinnu ẹ̀. Ìpàdé yẹn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Mo ti jókòó níbẹ̀ rí. Àwọn aládùúgbò tí wọn ò fẹ́ ariwo ìlù wá rẹpẹtẹ. Ìjọ wà nínú ààwẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà kí Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni ò wá láti ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn kánsẹ́lọ̀ ò kórìíra wọn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́.

Ilẹ̀kùn kan wà tí mi ò lè rìn kọjá ẹ̀ láìsọ ọ́. Nínú ọdún tó tẹ̀lé ìdìbò mi, mo ń bá ẹgbẹ́ pínwèé, arákùnrin ọmọ Ọ̀ṣun kan ṣílẹ̀kùn. Ó ń tọ́jú arúgbó nílé ìtọ́jú. Ìjọba ẹgbẹ́ wa ló ṣòfin kan ní March 2024, pé ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú kò gbọdọ̀ mú ìyàwó àti ọmọ dání mọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹgbẹ́ ẹbí lẹ pe ara yín. Ẹbí ta ni?" Mo lè sọ fún un pé kánsẹ́lọ̀ ò lágbára lórí físà. Lónìí, mo tún lè sọ fún un pé ìjọba Labour wá ti ilẹ̀kùn náà pátápátá ní July 2025, wọn ò gba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkè òkun mọ́. Méjèèjì kì í ṣe ìdáhùn. Ẹgbẹ́ tó ń wàásù ẹbí, tó sì ya tọkọtaya nípa, kò tọ́. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa bẹ́ẹ̀, mi ò tíì yí i padà.

Ẹ máa ń bi mí nípa Kemi Badenoch, ẹni tó di olórí ẹgbẹ́ wa. Ọmọ Adégòkè, wọ́n bí i ní Wimbledon lọ́dún 1980, ó dàgbà ní Èkó. Nígbà tó sọ pé Yorùbá lòun ju ọmọ Nàìjíríà lọ, gbogbo yín bú mi bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́. Mi ò gba gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́. Èyí tó sọ pé kéèyàn lo ọdún mẹ́wàá dípò márùn-ún kó tó lè gba ìwé ìgbélùú títí láé, mi ò fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà tó gbà. Ó wọ ẹgbẹ́ lọ́dún 2005. Ó díje ní Dulwich àti West Norwood lọ́dún 2010, ó ṣe ipò kẹta. Ọdún 2017 ló tó wọ ilé aṣòfin. Nígbà tó di olórí ẹgbẹ́ ní November 2024, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń sanwó bíi tèmi ló dìbò yàn án, 53,806 sí 41,388. Iye ènìyàn yìí kò tó èrò àpéjọ ńlá kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, àwọn ló sì yan olórí ẹgbẹ́ tó ń ṣàtakò sí ìjọba ilẹ̀ yìí.

Ìlú ò rọgbọ fún wa báyìí, mi ò ní parọ́. Káńsù kaúntì Kent tí ẹgbẹ́ wa ti ń ṣàkóso láti 1997, nínú ìdìbò May 2025, ẹgbẹ́ mìíràn, Reform UK, gba ìjókòó 57 nínú 81. Tiwa ku 5. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní ká máa sọ̀rọ̀ bíi Reform. Èmi ní ká padà sẹ́nu ọ̀nà, torí ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n gba ipò wa ti yọ wá. Àwọn ló ń kanlẹ̀kùn nígbà tí a ti jókòó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀wé béèrè bóyá ẹ lè dìbò tàbí díje, ẹ gbọ́ èyí kí n tó lọ. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ní ìwé ìgbélùú tó tọ́, títí kan ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti iṣẹ́, lè dìbò ní England, torí Commonwealth la wà. Páásípọ̀ọ̀tù aláwọ̀ ewé yín, wọ́n á gbà á ní ibùdó ìdìbò. Láti díje fún káńsù ni ẹ máa nílò ìwé ìgbélùú títí láé tàbí ti ọmọ onílùú. Ẹni tí káńsù náà bá gbà síṣẹ́ ò lè díje sínú ẹ̀, mo mọ̀ pé èyí máa dun púpọ̀ nínú yín. Arábìnrin tó kọ̀wé láti Gravesend pé Labour lòun fẹ́ díje fún, ẹ kọ̀wé sí mi padà. Màá fi bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí yín, màá sì fi ọmọ orógùn kan kún un.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.