Kẹ́ Ẹ Tó Pe Òṣìṣẹ́ Yín Ní Ọ̀lẹ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ wá gbọ́ wa ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn tí ò ráàyè wá ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tá a sọ lórí ohun tó ń mú kí òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ dáadáa sílẹ̀, òun nìyí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé iṣẹ́ ò tíì falẹ̀ tán tá a ti máa ní ọ̀lẹ ni òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tójú mi rí. Ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Alágbàkà l’Àkúrẹ́, príntà kan ṣoṣo la ní, èèyàn mẹ́fà ló ń lò ó, tí íńkì bá sì ti tán, ó parí nìyẹn. Àǹtí kan wà tó ń tẹ̀wé, ọwọ́ ẹ̀ yá, kì í ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n á kó fáìlì sábẹ́ abíyá, á sọdá títì nínú oòrùn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé lẹ́bàá ọ̀nà, owó ara ẹ̀ ló fi ń san án, kó tó dé padà ọ̀gá ti ń pariwo. Ẹ mọ nǹkan tí wọ́n fún un? Kúẹ́rì! Pé iṣẹ́ ẹ̀ ń falẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń ka lẹ́tà yẹn, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, látọjọ́ yẹn, aago mẹ́rin ò tíì lù tó ti gbé báàgì. Ọwọ́ lè mọṣẹ́, ọkàn lè fẹ́ṣẹ́, tí irinṣẹ́ ò bá sí ńkọ́?

Owó náà ṣe pàtàkì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Lóòótọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 lọ́dún 2024, ìpínlẹ̀ Ondo wa ní ₦73,000 làwọn á san, àmọ́ látìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní 2023, ẹni tó ń wọkọ̀ láti North Gate FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l’Àkúrẹ́, ti ń ṣírò owó ọkọ̀ kó tó wẹ̀ láàárọ̀, báwo lọkàn ẹ̀ ṣe fẹ́ pa pọ̀? Síbẹ̀, Frederick Herzberg, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí kọ ọ́ ní 1959 pé bówó ò bá tó, inú á bàjẹ́, bó bá sì tó, ìyẹn nìkan ò ní kéèyàn fẹ́ràn iṣẹ́, àfi kí iṣẹ́ ẹ̀ yọrí, kí wọ́n rí i, kí wọ́n yìn ín, kí wọ́n fọkàn tán an. Mo gbà wọ́n gbọ́.

Edwin Locke, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá bíi Herzberg, náà ti sọ ọ́ láti 1968 pé ẹni tí wọ́n sọ iye iṣẹ́ tó máa ṣe fún gan-an, tí iṣẹ́ yẹn sì le díẹ̀, máa ń ṣe ju ẹni tí wọ́n kàn ní kó gbìyànjú lọ. “Ẹ ṣáà gbìyànjú” yìí ló kún ẹnu àwọn ọ̀gá wa!

Nígbà tí ọ̀gá tuntun dé ọ́fíìsì wa, tábìlì dé tábìlì ló ń lọ: “Ẹ kú iṣẹ́ o, kí ló ń dí yín lọ́wọ́?” Àǹtí wa kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀, ó kó gbogbo rìsíìtì tó ti fowó ara ẹ̀ san jáde, ó tò wọ́n kalẹ̀. Ọ̀gá kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Íńkì dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá owó ẹ̀ padà, àǹtí yẹn náà ló wá di ẹni tá à ń bẹ̀ ní aago márùn-ún pé ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa lọ sílé.