Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n nílé: bí a ṣe ń ka àwọn tó ń sùn níta l'Ékòó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jókòó dáadáa, torí ọ̀rọ̀ tòní yìí, ẹnu ti ń ro mí lórí ẹ̀. Gbogbo ọ̀dọ́ tó ń bá wa jáde lóru lọ ka àwọn tó ń sùn níta, ibi kan náà ni wọ́n ti ń ṣubú.

Ẹ fẹ́ mọ iye èèyàn tó ń sùn níta ládùúgbò yín. Ó dáa. Ẹ ti kóra jọ, ẹ ti ní fọ́ọ̀mù àti bírò, mi ò ní fi ìyẹn pẹ́ yín. Ẹ dé abẹ́ bíríìjì l'Ọ́baléńdé, ẹ rí ọkùnrin kan tó tẹ́ páálí sílẹ̀, ẹ kí i, ẹ wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ nílé?"

Ó parí! Ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́!

Kí ló máa fi dá yín lóhùn? "Mo nílé o. Ilé bàbá mi wà n'Íkìrun, ẹ béèrè." Kò sì purọ́. Ilé lọ́dọ̀ tiwa kì í ṣe yàrá tí èèyàn ń háyà. Ilé ni ibi tí wọ́n ti mọ oríkì ẹ, ibi tí wọ́n sin bàbá bàbá ẹ sí. Ẹni tí wọ́n bá ní kò nílé, bí ẹni pé wọ́n rí i he ni. Ẹ wá dúró lé àgbàlagbà lórí láàjìn, ẹ ní ṣé kò nílé. Èébú gidi lẹ bú u yẹn! Ẹ̀yin náà á wá kọ "ó nílé" sínú fọ́ọ̀mù, ẹ ó kọjá lọ, orí páálí lẹ sì fi í sílẹ̀ sí.

Ìbéèrè tó tọ́ rèé: NÍBO LẸ SÙN LÁNÀÁ? Mo tún un sọ o. Níbo lẹ sùn lánàá! Ẹ má sọ pé "níbo lẹ̀ ń gbé", torí ẹni tó ti ń sùn lábẹ́ bíríìjì fún ọdún méjì lè ní Múṣin lòun ń gbé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, níbi tí àpótí òun wà. Ṣùgbọ́n àná? Kò sẹ́ni tó ń bá yín jiyàn lórí àná.

Ẹ rántí bíríìjì Dolphin Estate n'Íkòyí, lọ́dún 2024? Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó débẹ̀, wọ́n bá yàrá 86 tí wọ́n gé sábẹ́ bíríìjì, àti kọ̀ǹténà kan. Kọmíṣánnà tó ń rí sọ́rọ̀ àyíká, Tokunbo Wahab, ní wọ́n ń gba nǹkan bí 250,000 náírà lọ́dún lọ́wọ́ àwọn tó ń gbébẹ̀. Rẹ́ǹtì! Lábẹ́ bíríìjì! Ẹ wá lọ bi ẹni tó ń san irú owó yẹn bóyá ó nílé. Á ní ayálégbé lòun, òun ò sì jẹ gbèsè.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀. Ìyá ìyá mi sin adìẹ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Tó bá fẹ́ mọ iye tó kù, kì í kà wọ́n lọ́sàn-án, torí lọ́sàn-án ọ̀kan wà nídìí àkìtàn, ọ̀kan wà ní kíṣìnnì aládùúgbò. Ìgbà tílẹ̀ bá ń ṣú, tí kálukú ń wá ibi tó máa sùn, ìgbà yẹn ló máa mú àtùpà. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa náà rí. Lọ́sàn-án, ẹni tó ń sùn ní CMS, alábàárù ni, kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ ni, ó ń ta gálà nínú gó-síló. Ẹ ò lè dá a mọ̀. Ẹ jáde láago mọ́kànlá alẹ́ sókè. Ẹ yẹ inú dáńfó wò n'Ójúẹlẹ́gbá. Ẹ yẹ iwájú ìsọ̀ wò n'Ídùmọ̀tà, ẹ yẹ bẹ́ǹṣì ìyá olóńjẹ wò, ẹ yẹ ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán wò.

Ọjọ́ wo? Ọjọ́rú! Kì í ṣe Jímọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina, tí ilé ẹ̀ wà ní Mowe, lè máa sùn lọ́fíìsì láti ọjọ́ Ajé torí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa relé. Ṣé ká kà á mọ́ wọn? Èmi ní ká kọ ọ́, ṣùgbọ́n lójú ìwé tiẹ̀. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ní Mowe àti ẹni tí kò ní níbì kankan, ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Ìyá ọlọ́mọ ńkọ́? Háà, ẹ má na ìka! A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í pé, "Àwọn wo ló sùn tì yín lánàá?" Á máa dárúkọ wọn, ẹ̀yin ẹ máa fa ilà. Mélòó kan ló sùn tì í, ẹ ti mọ̀ ọ́n láì ka ẹnì kankan.

Àní àwọn tó ní ilẹ̀kùn tí wọ́n lè kàn, Èkó ò tíì gbà lórí iye wọn. Ìkànìyàn 2006 ní 9,113,605 ni wá, ìjọba ìpínlẹ̀ ka tiẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 17. Ẹ wá ro ti ẹni tí kò nílẹ̀kùn.

Ìbéèrè kejì: "Kẹ́ ẹ tó máa sùn níbí, ibo lẹ wà?" Ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ ìtàn. Owó àgírímẹ́ǹtì àti kọ́míṣọ̀n ló lé ẹlòmíì. Ẹlòmíì, katakata tó ń wó ilé ni. Lóṣù Keje 1990, wọ́n wó àdúgbò Maroko, wọ́n fojú bù ú pé èèyàn 300,000 ló kúrò níbẹ̀. Láàárín 2016 sí 2017, ó kan Otodo Gbame, nǹkan bí 30,000, apẹja tó ń sọ Ègùn ló pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ mú ẹni tó gbọ́ Ègùn dání, kẹ́ ẹ sì mú ẹni tó gbọ́ Hausa. Yorùbá nìkan ò tó!

Ìyókù, kíákíá: ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sójú ẹnikẹ́ni, ẹ má ya fọ́tò, méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa rìn, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ kí ẹni tó ń mójú tó ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé ẹ wá kó wọn ni.

Ohun tí wọ́n nílò wá kù. Ẹ má bá wọn ro ó. A gbé kúlà ìrẹsì mẹ́ta lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, inú wa ń dùn. Ọmọkùnrin kan ní, "Àǹtí, ẹ ṣé, mo ti jẹun. Ṣé ẹ lè bá mi tọ́jú báàgì?" Gbogbo ohun tó ní wà léjìká ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa gba alábàárù tó ti gbé ẹrù tiẹ̀ tẹ́lẹ̀ síṣẹ́. A bi àwọn yòókù. Báàgì! Balùwẹ̀! Ibi tí wọ́n á ti ṣáàjì fóònù! Ìyá kan tó ń ta abọ́ wá gba báàgì mẹ́sàn-án sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, wọ́n ń gbé e sílẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń wá mú un lálẹ́. Ìrẹsì wa? Kúlà méjì la gbé padà sílé.