Ó San Owó Iná Kí Wọ́n Tó Mú Un Lọ

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ kú àjíǹde ara, yóò máa jẹ́ lórúkọ Jésù.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ni ọkàn mi ti wúwo. Ayálégbé kan tí a jọ ń gbé ọgbà kan náà kó ẹrù rẹ̀ lóru, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ilẹ̀ mọ́, a bá ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìgbálẹ̀ kan ló kù nínú yàrá, àti bébà owó iná oṣù mẹ́rin tó ká sójú fèrèsé. Àwa tó kù ni a ó pín in san. Owó yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Àìmọye àárọ̀ ni èmi àti ẹni yìí ti jọ kúnlẹ̀ gbàdúrà. Mo sọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́yìn tí kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde.

Lánàá, lórí ìkúnlẹ̀, bí mo ṣe fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Ọlọ́run, ìtàn rábì kan, olùkọ́ ẹ̀sìn àwọn Júù, ló gba ọkàn mi. Owó iná wà nínú ìtàn tirẹ̀ náà.

Leo Baeck ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1873 ni wọ́n bí i ní ìlú Lissa, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà. Rábì ni bàbá rẹ̀ pàápàá. Láti 1912 ló ti ń ṣe rábì ní Berlin. Ó wà lára àwọn Júù tó gbà pé ẹ̀sìn àwọn baba lè bá ayé òde òní rìn, ó sì ń kọ́ni pé ìwà tó tọ́ sí ọmọnìkejì ni ọkàn ẹ̀sìn náà. Kì í ṣe Kristẹni bíi tiwa, ṣùgbọ́n Sáàmù tí ẹ óò kà láàárọ̀ yìí, èdè tí Dáfídì fi kọ ọ́ ni òun fi ń kà á.

Nígbà tí Hitler, tó kórìíra àwọn Júù, gba ìjọba Jámánì ní 1933, Baeck ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ tó ń ṣojú àwọn Júù Jámánì. Léraléra ni wọ́n ń pè é láti òkè òkun pé kó máa bọ̀. Kò lọ. Àwọn ẹlòmíràn ló ń bá wá ọ̀nà àbájáde. Ní 1939, ó sin àwọn ọmọdé kan dé Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ikú, ó fà wọ́n lé ọwọ́ àwọn tó gbà wọ́n, ó sì yí padà sí Berlin. N kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn ṣí kúrò níbi tí ayé ti le mọ́ ọn. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo náà sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ àgùntàn ni òun, agbo rẹ̀ sì kù sẹ́yìn.

Ó wá di ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 1943. Aago mẹ́fà ìdájí ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, agogo ẹnu ọ̀nà dún. Ó mọ ẹni tí í wá ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀: Gestapo, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Hitler. Ó ku nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí bàbá náà pé ọmọ àádọ́rin ọdún. Wọ́n ní kó máa bọ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní àyè díẹ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó kọ lẹ́tà ìdágbére tí wọn yóò bá a fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ ìwé tí wọ́n fi ń sanwó ní ilé ìfìwéránṣẹ́: ó san owó gáàsì, ó san owó iná. Ó dìde, ó bá wọn lọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wò ó. Ilé tí kò ní wọ̀ mọ́! Ìlú tó ti gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú lọ́wọ́ òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀! Ká ló fi gbèsè yẹn sílẹ̀, ta ni ìbá bi í? Èmi gan-an ìbá ní kó fi í sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n iná tó tàn ni, iná tó fi kàwé lóru ni, ó jẹ ẹ́. Kò jẹ́ kí àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yan ìwà fún òun. Wọ́n lè mú un lọ. Wọn kò lè sọ ọ́ di ajẹgbèsè.

Nígbà tí Dáníẹ́lì gbọ́ pé wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ikú, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ gbàdúrà gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú jáde lónìí: gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Theresienstadt, ibi tí wọ́n ń há àwọn Júù mọ́ ní ilẹ̀ àwọn Czech, ni wọ́n kó o lọ. Nǹkan bí 140,000 Júù ni wọ́n kó gba ibẹ̀. Nǹkan bí 33,000 ló kú síbẹ̀, wọ́n sì kó nǹkan bí 88,000 mìíràn lọ sí àwọn ibùdó ìpànìyàn. Wọ́n so Baeck mọ́ ọmọlanke ìdọ̀tí, ó ń fà á kiri. Tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ènìyàn á fún ara wọn mọ́ inú yàrá tí kò ní iná, òun á sì máa kọ́ wọn nínú òkùnkùn. Ó gbọ́ níbẹ̀ pé pípa ni wọ́n ń pa àwọn tí wọ́n ń kó lọ. Ó gbé e mì, kó má baà jẹ́ pé ikú nìkan ni wọn yóò máa dúró dè. Àwọn kan bẹnu àtẹ́ lù ú lẹ́yìn ogun nítorí èyí. Ó ṣòro fún mi gan-an, n kò lè ṣèdájọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìdáǹdè dé ní 1945, kò sáré jáde. Àjàkálẹ̀ ibà ń pa àwọn ènìyàn, ó kọ́kọ́ dúró tì wọ́n. Ọdún 1956 ló kú, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Ọlọ́run Ábúráhámù, Ọlọ́run Ísáákì, Ọlọ́run Jákọ́bù, Olùpamọ́ Ísírẹ́lì tí kì í tòògbé, a dúpẹ́ pé a jí.

Baba, dárí jì mí nítorí ohun tí mo fi ẹnu mi sọ lọ́sẹ̀ yìí. Fọ ẹnu mi.

Baba, gbèsè tó wà lọ́rùn wa, fún wa ní owó tí a ó fi san án. Fún wa ní ọkàn tó fẹ́ san án. Má ṣe jẹ́ kí owó dé kí ọkàn náà sì sá.

Olúwa, ẹni tó ń ṣàìsùn nítorí owó ilé, owó ilé ìwé, owó oògùn, tètè dá a lóhùn! Kí ilẹ̀ òní má ṣú bá a nínú ìtìjú!

Ní 1935, rábì yìí kọ àdúrà fún ọjọ́ ètùtù, wọ́n sì mú un nítorí rẹ̀. Ó ní àwọn tẹrí ba níwájú Ọlọ́run, àwọn sì dúró ṣánṣán níwájú ènìyàn. Baba, fún mi ní ọrùn tó ń tẹ̀ fún Ọ. Fún mi ní ẹ̀yìn tí kò ní tẹ̀ fún ìkà!

Ìkànlẹ̀kùn ìdájí tó ń mú ẹkún wọ ilé, má ṣe dé ẹnu ọ̀nà wa! Ajínigbé, má ṣe dé ẹnu ọ̀nà wa! Ìròyìn òjijì, má ṣe dé ẹnu ọ̀nà wa! Bí ó bá sì dé, Olúwa, bí ó bá dé, kí ó bá wa nídìí iṣẹ́ rere. Kí ó bá wa pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́. Kí ẹ̀rù má ṣe gba ìwà wa lọ́wọ́ wa!

Àwọn olùṣọ́ àgùntàn tó rẹ̀, Baba, gbé wọn ró. Èyí tó ń dá gbé ohun tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, bá a gbé e. Kọ́ wa ní ìgbà tí a ó sọ̀rọ̀. Kọ́ wa ní ìgbà tí a ó dákẹ́.

Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń lé ènìyàn kiri nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ lónìí, dìde, Ọlọ́run! Dá ọwọ́ apànìyàn dúró! Kí a má ṣe wà lára àwọn tó ń bá a di ilẹ̀kùn mú!

Àti arákùnrin wa tó jáde lóru, Baba. Ìwọ lo mọ ohun tó ń lé e. Bí ebi ni, bọ́ ọ. Bí ìtìjú ni, nù ún lójú. Ibi tó bá sùn lánàá, kí iná tàn níbẹ̀. Lórúkọ Jésù ni mo gbàdúrà.

Àmín.