Òrùlé ni wọ́n tà: ọ̀rọ̀ lórí ilé Sutton Scarsdale

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ogún mínítì ni wọ́n fún mi, ẹ sì mọ̀ mí, ẹ bá mi ṣọ́ aago.

Ilé kan wà lábúlé Sutton Scarsdale ní Derbyshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò jìnnà sí ìlú Chesterfield. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà márosẹ̀ M1 lọ sí Sheffield á rí i lórí òkè, ó dúró gbagidi bí ààfin, àfi ìgbà tẹ́ẹ bá dé ìdí ẹ̀ tẹ́ẹ wá rí i pé ojú ọ̀run lẹ ń wò láti ojú fèrèsé. Kò lórùlé, kò ní àjà kankan. Ibi ìyáná òkè ṣì wà lára ògiri, ó kàn so síbẹ̀ ni, ẹyẹlé nìkan ló lè dé bẹ̀.

Ọmọ mi bi mí pé, "Daddy, ṣé ogun ló jà níbí ni?" Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá síbí nìyẹn. Ogun ò jà á, òjò ò wó o. Wọ́n tà á ni!

Nicholas Leke, Earl of Scarsdale kẹrin, ló ní kí Francis Smith ará Warwick kọ́ ọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1724, wọ́n tún lọ kó àwọn oníṣọ̀nà láti apá Ítálì wá rẹ́ ògiri. Gbèsè ló kó bàbá náà sí. Ó kú ní 1736, kò ní àrólé, oyè náà parí síbẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ilé oníyàrá méjìlá sábúlé tẹ́ ò ní gbé, mi ò dárúkọ ẹnì kankan o.)

Ní 1919 ni William Arkwright tà á, àwọn tó rà á bá ṣí òrùlé, wọ́n tú pákó ara ògiri, wọ́n kó o lọ tà. Yàrá mẹ́ta nínú ẹ̀ wà ní míùsíọ́mù Philadelphia báyìí! Òmíràn kọjá lọ́wọ́ Hearst oníwèé ìròyìn, ó di ti oníṣẹ́ fíìmù, ó wá balẹ̀ sí Huntington, ilé ìkàwé àti míùsíọ́mù kan ní California. Torí náà, nígbà tí wọ́n wó Ilojo Bar, ilé àtijọ́ yẹn l'Ékòó, ní 2016, tí àwọn kan ń pariwo pé òyìnbó nìkan ló mọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tọ́jú, ẹ̀rín ni mo ń rín. Ẹ gbé wọn lọ sí Derbyshire jàre. Owó kì í wo àwọ̀.

Mo ṣì ń sọ ìyẹn lọ ni mama kan nawọ́ sókè lẹ́yìn: "Arkwright yìí, ṣé Arkwright olówùú yẹn náà ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Richard Arkwright tó dá ilé iṣẹ́ òwú sílẹ̀ ní Cromford ní 1771, ọmọ ẹ̀, Richard náà, ló ra ilé yìí ní 1824.

"Ta ló wá gbin òwú ọ̀hún?"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Àwòrán ọnà ara ògiri ló kù tí mo fẹ́ fi hàn yín, mo pa á tì. Ẹrú ló gbin èyí tó pọ̀ jù, ní Caribbean, ní Brazil, nígbà tó yá ní gúúsù Amẹ́ríkà, ẹ sì mọ àwọn tí wọ́n kó lọ sí Brazil. Mama ní, "A jẹ́ pé a ní ìpín níbẹ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ á lọ gbà á." Ó tó mínítì méjì kí ẹ̀rín tó dá.

Alága ti ń wo aago, ẹ jẹ́ n sáré. 1946, wọ́n fẹ́ wó ìyókù torí òkúta ara ẹ̀, Osbert Sitwell òǹkọ̀wé bá wọn rà á. 1970, ó di ti ìjọba. English Heritage, àjọ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, ló ń mójú tó o báyìí, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an, ẹ ó sì máa rí Bolsover Castle ní òdìkejì àfonífojì. Ẹ wọ bàtà tó dáa o, koríko ibẹ̀ máa ń tutù.

Mama yẹn ti ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀.