Ẹ̀rí Kì Í Dúró De Ẹni Tó Wà Lórí Ìdùbúlẹ̀: Ìjàm̀bá Ọkọ̀ Akẹ́rù àti Ẹ̀tọ́ Ẹni Tó Fara Pa

Ẹ̀yin tí ẹ péjú síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, ẹ kú ìjókòó. Nígbà tí tírélà bá kọlu ọkọ̀ kékeré, awakọ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dojú kọ. Bó bá sá lọ, tàbí tó jẹ́ ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, ẹbí ẹni tó fara pa a ní ta ni àwọn fẹ́ bá ṣẹjọ́. Ohun tí mo bá wá lónìí ni pé awakọ̀ kì í sábà dá ẹ̀bi rẹ̀ gbé, àti pé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rí tí yóò fi ìyẹn hàn wà, wọn kì í sì í pẹ́ pòórá.

Ìwọ̀n ọkọ̀ náà nìkan ti tó kó ẹ̀rù bani. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà kí ọkọ̀ akẹ́rù tòun ti ẹrù rẹ̀ wúwo tó 80,000 pọ́n-ùn lójú ọ̀nà márosẹ̀, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù 36. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ó lè tó 44. Afẹ́fẹ́ ló ń ti bírékì rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn sì ní láti gba inú páìpù dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pátápátá kí bírékì tó mú. Ìdí nìyí tí òfin fi ń béèrè ìṣọ́ra púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòwò.

Ilé-ẹjọ́ tó ń tẹ̀ lé ìlànà òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ọ̀gá ni yóò dáhùn fún àṣìṣe tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Yàtọ̀ sí ọ̀gá, a lè pe ẹni tó di ẹrù láìso ó dáadáa lẹ́jọ́, tàbí mẹkáníìkì tó fọwọ́ sí i pé bírékì dára láìyẹ̀ ẹ́ wò, tàbí ilé-iṣẹ́ tó ṣe táyà alábùkù. Ilé-iṣẹ́ a máa sọ pé alágbàṣe ni awakọ̀ náà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dẹ́rù ba èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí orúkọ tó wà nínú ìwé àdéhùn nìkan kọ́ ni adájọ́ ń wò; yóò béèrè ẹni tó ń yan ọ̀nà àti àkókò fún awakọ̀, àti ẹni tó ni ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí oorun. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí awakọ̀ akẹ́rù bá sinmi wákàtí 10, kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ kó tó tún sinmi. Ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union, wákàtí 9 lójúmọ́ ni, àfi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó lè di 10. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ èèyàn ń dọ́gbọ́n sí i. Àkọsílẹ̀ lè ní awakọ̀ ń sùn ní aago 2 òru, kí rìsíìtì epo ní aago 2:17 ló ra dísẹ́ẹ̀lì nílùú míì. Bébà pẹlẹbẹ yẹn lè wúlò ju ẹlẹ́rìí mẹ́ta lọ. Táyà náà ń sọ̀rọ̀: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Kí ẹnì kan nínú ẹbí fi fóònù ya á kí wọ́n tó wọ́ ọkọ̀ kúrò.

Oṣù mẹ́fà péré ni òfin Amẹ́ríkà ní kí ilé-iṣẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ wákàtí wọ̀nyẹn. Nítorí náà, lẹ́tà tó yẹ kí agbẹjọ́rò kọ́kọ́ kọ ni èyí tó ń kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ da ohunkóhun nù. Bí wọ́n bá da á nù lẹ́yìn rẹ̀, ilé-ẹjọ́ lè gbà pé ohun tí wọ́n pa rẹ́ kò gbè wọ́n ni.

Ìwé ọlọ́pàá kò tó láti gbára lé. Nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, ẹni tó fara pa lè má mọ ibi tó wà, awakọ̀ nìkan ló sì rojọ́. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀bi díẹ̀ wà lọ́wọ́ olùpẹjọ́, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1945 kàn máa ń dín owó rẹ̀ kù ni, ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Alabama tàbí Virginia ní Amẹ́ríkà, ó lè má gba nǹkan kan.

Aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò sábà máa ń tètè dé pẹ̀lú ìwé àti owó díẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kódà bí dókítà bá sọ lẹ́yìn náà pé kò ní lè rìn mọ́.

Ọjọ́ náà ń lọ. Ọdún mẹ́ta ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún olùpẹjọ́ láti fi pe ẹjọ́, California fún un ní méjì, Tennessee fún un ní ẹyọ kan. Ẹni tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ ní Tennessee, tó fi oṣù mẹ́jọ dùbúlẹ̀ láìrí agbẹjọ́rò, oṣù mẹ́rin ló kù fún un, àkọsílẹ̀ oorun awakọ̀ náà sì ti pé oṣù méjì tí ilé-iṣẹ́ ti láṣẹ láti da á nù.