Ta Ló Ń Sanwó Ọkọ̀ Ojú Omi, Kí Ni Owó Náà sì Ń Rà?

Ẹ kú àpéjọ, ẹ̀yin èèyàn wa. Wọ́n bi wá bóyà ó tọ́ kí ìjọba máa fi owó ìlú ran ọkọ̀ ojú omi èrò lọ́wọ́ l'Ékòó. Ó tọ́. Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí ni ohun tí owó náà ń rà fún wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọkọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ìkòròdú sí Marina. Ká ní èrò 40 ló ń gbà, ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ agbára ẹṣin 200 (hp). Bí kò bá sáré àsápajúdé, ẹ́ńjìnnì kan á mu bíi líta 45 ní wákàtí kan. Bí ìrìn náà bá gba ogójì ìṣẹ́jú, méjèèjì ti mu líta 60 nìyẹn. Ká pe epo ní ₦1,000 líta kan kí ìṣirò má baà díjú: ₦60,000 ni epo àlọ nìkan. Bí ọkọ̀ bá kún, ₦1,500 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ò sì tíì mẹ́nu ba owó awakọ̀, àtúnṣe, owó èbúté àti adójútòfò.

Àbọ̀ ńkọ́? Ní aago méje àárọ̀, Erékùṣù ni gbogbo èèyàn dorí kọ. Ọkọ̀ tó kó 40 lọ lè má rí ju márùn-ún kó bọ̀, bẹ́ẹ̀ epo àbọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. ₦120,000 ti wá dúró lórí èèyàn 45, ó lé ní ₦2,600 lórí ẹnì kan. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́kọ̀ fi ń jókòó sí jẹ́tì títí ọkọ̀ rẹ̀ á fi kún, tí ẹlòmíràn sì ń kó èrò kọjá iye tó yẹ. A máa ń pè wọ́n ní olójúkòkòrò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jẹun lórí iye orí, orí púpọ̀ ni yóò máa wá.

Nítorí náà, ìrìn ni kí ìjọba máa rà. Kí wọ́n kọ àkókò sílẹ̀: 6:00, 6:20, 6:40. Ọlọ́kọ̀ tó bá gbéra lásìkò, kó gba owó rẹ̀ pé, ì báà jẹ́ èèyàn 40 ló gbé tàbí mẹ́rin. Kí owó èrò gba orí káàdì Cowry, káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ l'Ékòó, lọ tààrà sí àpò ìjọba. Ìrìn tí kò wáyé, kò lówó. Ìrìn tó pẹ́, kí wọ́n yọ nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá lé sí iye tó yẹ, tàbí tí èrò kan jókòó láìwọ ẹ̀wù ìléfòó (life jacket), owó ìrìn yẹn ti lọ. Ètò yìí náà ní àléébù: ọlọ́kọ̀ lè máa gbéra lásìkò kó má bìkítà bóyà èrò wọlé, torí náà, ó yẹ kí owó díẹ̀ ṣì so mọ́ iye èrò. Ó tún yẹ kí àdéhùn sọ ẹni tó ń gba owó orí omi. Ní January 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, ló láṣẹ lórí omi inú ilẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ àti àpapọ̀ bá jọ ń gbowó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ kan náà, orí èrò ni gbogbo rẹ̀ máa já sí.

Ẹnikẹ́ni ò ní kí ọlọ́kọ̀ dáńfó wá dá owó Third Mainland Bridge, tó gùn tó kìlómítà 11.8. Ọ̀nà orí omi náà nílò irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sà Èkó kò jìn ní ibi púpọ̀, iyanrìn sì ń kún ọ̀nà tí wọ́n bá gbẹ́, ó di dandan kí wọ́n máa padà gbẹ́ ẹ. Àmì tó ń léfòó lórí omi láti fi ọ̀nà han awakọ̀ náà máa ń já lọ.

Ìdọ̀tí ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ń fa omi ọ̀sà wọlé láti fi tu ara rẹ̀ nínú. Bí ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan bá lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò yẹn, omi ò ní wọlé mọ́, ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà, ọkọ̀ á sì dúró láàárín omi. Koríko orí omi tó ń ya wọlé lẹ́yìn òjò tún ń lọ́ mọ́ pùròpẹ́là. Owó ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí wọ̀nyí kì í ṣe ti ọlọ́kọ̀ kankan, ó yẹ kó wà nínú ìṣúná ọdọọdún.

Kí wọ́n sì ka owó náà ní gbangba. Ní New York, ọkọ̀ ojú omi Staten Island kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èrò láti 1997. NYC Ferry ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2017 ní $2.75, iye kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Nígbà tó di July 2022, Brad Lander, ẹni tó ń yẹ ìwé owó ìlú náà wò nígbà yẹn, gbé àbájáde jáde pé nǹkan bíi $224 mílíọ̀nù ni wọn ò kà mọ́ ìnáwó ọkọ̀ náà. Wọ́n ti ní $8.59 ni ìlú ń fi kún owó èrò kan ní ọdún ìṣúná 2021, $12.88 ni àyẹ̀wò rí. Ní September ọdún yẹn, owó ọkọ̀ di $4, ṣùgbọ́n wọ́n dín in kù fún àgbàlagbà, aláàbọ̀ ara àti ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀: kí ìrànwọ́ wà, kó sì kọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹni tó nílò rẹ̀.

Iṣẹ́ Omi Èkó, ètò ọkọ̀ ojú omi èrò tí wọ́n ṣí l'Ékòó ní October 2025, tó €410 mílíọ̀nù, láti ọwọ́ Faransé, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ilé ìfowópamọ́ EIB ti Yúróòpù àti ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀. Ọ̀nà 15, èbúté 25 àti ọkọ̀ oníná mọ̀nàmọ́ná tó lé ní 75 ló wà nínú ètò. Inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ apá kan rẹ̀ jẹ́ gbèsè tí a ó fi Euro san, náírà sì ni èrò ń san. Gbogbo wa la rí bí náírà ṣe já wálẹ̀ lẹ́yìn June 2023. Bátìrì ọkọ̀ wọ̀nyí náà kì í pẹ́ tó ara ọkọ̀. Láti oṣù àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ bá bọ́ sómi ni kí owó bátìrì kejì ti máa wọ àpò kan tó dá dúró, tí òfin dè, tí gómìnà kankan ò ní lè fi ṣe nǹkan mìíràn.